Iná Epo Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni lè kí mi ní pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo ṣe, mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni. Ojú mi là kedere. Ẹ ṣáà kà á. Bí ẹ bá ní ẹnì kan tí ẹ kórìíra, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àmínù lorúkọ mi. Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mò ń ṣe ní kòríta Ifangni. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ó kọ́ àbúrò mi obìnrin, Sàdíátù, pẹ̀lú, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ tín-ínrín, ó ń wọ ẹ̀yìn tábúlò níbi tí ọwọ́ tiwa kò lè dé. Tábúlò ni àwa níhìn-ín ń pe pátákó iwájú dírẹ́bà, níbi tí àwọn iná kéékèèké wà. Bí ẹ bá di Sàdíátù lójú, á bá yín pààrọ̀ gílóòbù níbẹ̀ láì jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí.

Nígbà tó tó ilé ọkọ lọ, kò sí ọmọ àfáà kan ní gbogbo Ifangni tó wù ú. Séraphin ló fẹ́. Séraphin! Mẹkáníìkì, ọmọ ìjọ Àgùdà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà gan-an, tí à ń wo ara wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kò ní í ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Mi ò yọjú síbi ìgbéyàwó náà, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ rẹ̀ wọ ilé mi.

Sàdíátù wá kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Ọkọ mi kò bá yín jà."

"Kò bá mi jà kẹ̀? Ta ló kó àbúrò mi lọ?"

"Kò sẹ́ni tó kó mi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo ní kó dìde kó máa lọ.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Lọ́jọ́ kan, àwọn dírẹ́bà pọ̀ níwájú Séraphin, wọ́n ń dúró de mọ́tò wọn. Ó rí i pé mò ń gbọ́, ó wá gbóhùn sókè.

"Àmínù mà gbọ́ṣẹ́ o! Bí mọ́tò yín bá kú, ẹ gbé e wá fún mi. Bí mo bá jí i tán, ẹ gbé e lọ fún Àmínù kó bá yín tan àbẹ́là sí i lójú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan di ikùn mú. Ó lè jẹ́ àwàdà ló fi ṣe, bí a ṣe ń bá àna ẹni ṣe é. Lọ́jọ́ náà o, mi ò gbà á ní àwàdà. Mo gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì, ó há mi lọ́fun.

Àsìkò Rẹfolúsíọ̀n ni, tí ìjọba ológun ní àwọn fẹ́ yí ìlú padà. Ọdún kejì sí ìgbà tí àwọn àjèjì fi bàálù wá kọlu Kùtọnu ni mò ń wí. Rédíò kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju ọ̀tá ìlú lọ. Ẹni tó bá ba nǹkan ìjọba jẹ́ ní kọ̀rọ̀, sàbótéè ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́. Ní Ifangni tiwa, delegé, ìyẹn aṣojú ìjọba láàárín wa, Kamarádì Victorin, gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju àwọn tó sọ ọ́ ní rédíò lọ. Bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, Victorin á ní kí wọ́n wádìí ẹni tó rán ewúrẹ́.

Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé Lagbé ní mọ́tò kan ṣoṣo, Pijó 404 onítàpólì, tó ń kó ìdì ẹyìn wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fún epo. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti rẹ̀. Séraphin tú u palẹ̀, ó tún un tò, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí rẹ̀. Nígbà tó parí, Pọ́ọ̀lù tó ń wà á gbé e sọdá sọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tábúlò ti fọ́jú o. Kò sí iná kan tó ń tàn níbẹ̀. Kamarádì delegé ní kí gbogbo rẹ̀ pé kí n tó gbé ẹyìn."

"Fi í sílẹ̀. Lọ jẹun."

Mo tú ìdè okùn àgogo tó ń ka eré mọ́tò, mo fa tábúlò síwájú díẹ̀, mo kó àwọn gílóòbù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ti dúdú nínú bí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ní tuntun tí mo rà ní Ìdí-Ìrókò. Mo fi wọ́n sí i, mo yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo wọn tàn, ó dùn ún wò. Mo wá ṣíná mọ́tò.

Gbogbo wọn kú. Iná epo nìkan ni kò kú.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò wa mọ́tò rí. Iná epo pupa ni. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, á tàn. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, tí epo ń gòkè yí irin ká, á kú. Bó bá kọ̀ tí kò kú, ohun tó ń sọ ni pé epo ò dé orí irin o, pa mọ́tò yìí kíákíá. Ẹni tó bá tẹ̀síwájú, ẹ́ńjìnì á jẹ ara rẹ̀ tán.

Mo kọ́kọ́ rò pé wáyà rẹ̀ ló bó tó kan irin, tó ń tan án lásán. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ wáyà náà kúrò lára ẹ́ńjìnì. Iná kú. Mo dá a padà. Iná tàn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Séraphin ti ṣe àṣìṣe kan nínú ẹ́ńjìnì, epo ò gòkè tó. Mo sáré pa mọ́tò.

Ogún ìṣísẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi sí tirẹ̀. Mo lè dúró síbi tí mo wà kí n pariwo pé, "Àna, wá wò ó." Á wá, á tú u, á tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn dírẹ́bà á ní ó kú iṣẹ́. Ẹ́ńjìnì á dùn, orúkọ rẹ̀ á tún ga sí i.

Mo rántí ẹni tó di ikùn mú tó ń rẹ́rìn-ín.

Iná mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná epo, iná bátìrì. Òun náà máa ń tàn bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń yí dáínámò tó ń fún bátìrì ní iná, á kú. Àwọn aláìṣòótọ́ nínú iṣẹ́ wa ní ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń ta mọ́tò tó ti bàjẹ́: wọ́n á já gílóòbù epo kúrò lára wáyà epo, wọ́n á so ó mọ́ wáyà bátìrì. Iná méjèèjì á máa tàn pọ̀, wọ́n á máa kú pọ̀. Ẹni tó ń rà á á rò pé ara mọ́tò dá ṣáṣá. Bàbá wa fi ọgbọ́n yìí hàn èmi àti Sàdíátù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Kí ẹ lè dá a mọ̀ ni mo fi hàn yín. Ọmọ tèmi tó bá ṣe é, kó má pe ara rẹ̀ lọ́mọ mi."

Mo ṣe é. Kò gbà ju àkókò tí a fi ń jẹ iṣu sísun kan. Mo fi téèpù wé orí wáyà epo, mo tì í sẹ́yìn, mo dá tábúlò padà.

Bí mo ṣe ń nu ọwọ́, Sàdíátù sọdá wá. Oyún inú rẹ̀ ti tó oṣù méje. Ó bu omi tútù wá fún mi, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tí mo ti lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ gbọ́ ẹ́ńjìnì tí ọkọ mi ṣe? Ṣé ó dùn?"

Mo gba omi náà. Mo mu ún. Mo ní, "Ó dùn bí oyin."

Inú rẹ̀ dùn! Ó ní, "Mo máa sọ fún un pé ẹ yìn ín." Ó ń sáré padà bí ẹni tí kò lóyún nínú, ó lọ sọ fún un. Séraphin gbọ́wọ́ sókè láti òdìkejì, ó kí mi. Mo kí i padà.

Pọ́ọ̀lù dé. Mo yí kọ́kọ́rọ́ fún un. "O rí i? Gbogbo wọn tàn." Mo ṣíná mọ́tò. "Gbogbo wọn kú. Ojú rẹ̀ ti là." Ó dúpẹ́, ó gbé mọ́tò lọ. Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo lọ kírun àsárì. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo lọ kírun.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ́ńjìnì dákú lójú ọ̀nà Lagbé, tòun ti ẹrù ẹyìn. Wọ́n ní ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó sì le gbagidi, kò yí mọ́. Àwọn àgbẹ̀ da ẹyìn sílẹ̀ sínú oòrùn, wọ́n sì ti mọ́tò náà láti ibẹ̀ dé Ifangni, wọ́n ń kọrin èébú bọ̀. Ìyá Séraphin ni wọ́n fi ń kọrin. Nígbà tí wọ́n fi dé iwájú ilé ìpàdé, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Victorin ti wọ́ Séraphin jáde láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi í jókòó sórí ilẹ̀.

Victorin dìde, ó kí wa bí ìjọba ṣe ń kí, pé a ti gbára dì fún Rẹfolúsíọ̀n: "Prêt pour la révolution!"

Gbogbo wa dáhùn pé ìjà ṣì ń lọ, "Et la lutte continue!"

Ó kọjú sí Pọ́ọ̀lù. "Kamarádì dírẹ́bà, ṣé iná epo tàn lójú ọ̀nà kí mọ́tò tó kú?"

"Kò tàn rárá, kamarádì. Mo fi Ọlọ́run búra. Bó bá tàn ni, ǹ bá ti dúró."

"Kamarádì Àmínù! Ìwọ lo ṣe iná. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Pọ́ọ̀lù fojú rí i."

Séraphin gbójú sókè láti ilẹ̀. "Bí iná bá ń ṣiṣẹ́, tí kò sì tàn, ẹ́ńjìnì ò lè kú báyìí. Ẹ tú mi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Dákẹ́, sàbótéè!" Ẹnì kan nínú àwọn àgbẹ̀ ju ẹyìn lù ú lórí.

Victorin tún padà sọ́dọ̀ mi. Ó rọ ohùn rẹ̀ wá. "Ìwọ tó o mọ mọ́tò, sọ fún àwọn ènìyàn. Kí ló ń pa ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò nígbà tí iná epo kò tàn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ààyè wà fún mi níbẹ̀. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ yẹn ìbá tó. Gbogbo ojú wà lára mi, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu Àmínù onígílóòbù, ó sì dùn mọ́ mi.

Mo ní, "Iyẹ̀pẹ̀."

Ariwo sọ. Iyẹ̀pẹ̀! Ó da iyẹ̀pẹ̀ sí ẹ́ńjìnì! Obìnrin kan láti Lagbé bọ́ sálúbàtà, ó fi gbá Séraphin lẹ́nu. Victorin ní ó parí, Àjàṣẹ́ ló ń lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo wa mọ̀ pé àwọn kan lọ sí Àjàṣẹ́ báyìí tí a ò gbúròó wọn mọ́.

Ìgbà náà ni Sàdíátù dé. Wọ́n ya fún un nítorí oyún. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó di ẹsẹ̀ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ ní ó dùn bí oyin. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

"Iná epo yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ dán an wò dé ara ẹ́ńjìnì?"

"Mo dán an wò."

"Kí ló sọ?"

Mo ní, "Ó ní epo ń gòkè." Mo sọ ọ́, ojú mi sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àbúrò mi mọ ojú mi láti kékeré. Ó tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò mí lójú kí ẹ tún un sọ."

Mi ò lè tún un sọ.

Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó lọ sídìí mọ́tò. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn iná tàn. Ó ní, "Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù, ẹ jókòó síbí. Ẹ máa wo iná epo, kí ẹ sì máa sọ ohun tí ẹ rí sókè, kí gbogbo ayé lè gbọ́." Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kó ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa wáyà kan yọ kúrò lára ẹ́ńjìnì, ó sì gbé e sókè.

"Wáyà yìí ló ń gbé ọ̀rọ̀ epo lọ fún iná. Mo ti yọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dé ibẹ̀ mọ́. Bọ̀dá Pọ́ọ̀lù, ṣé iná epo kú?"

"Kò kú."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Kò kú o! Ó ń tàn!"

Gbogbo èrò sún mọ́ ọn. Mo wo ọ̀nà tí mo lè gbà lọ. Kò sí, ènìyàn ti kún ẹ̀yìn mi.

Sàdíátù kó ọwọ́ bọ ibòmíràn, ó yọ wáyà dáínámò. "Ní báyìí ńkọ́?"

"Ó ti kú. Èyí epo àti èyí bátìrì, wọ́n jọ kú pọ̀."

Victorin ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Kamarádì obìnrin, là á yé wa."

"Ẹnì kan ló so iná epo mọ́ bátìrì. Mọ́tò ń ké, ẹnì kan pa á lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀." Ó bá yíjú sí mi. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n, kò sì fi ẹ̀yin bọ̀wọ̀ fún mi mọ́. "Àmínù. Omi tí mo fún ọ mu lọ́jọ́ náà, ṣé o ti so wáyà náà tán kó o tó mu ún?"

Ilẹ̀ ibi tó kúnlẹ̀ sí ni mo ń wò.

Wọ́n tú Séraphin sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Páìpù tó ń fa epo ti tú. Èmi ni mi ò dè é le tó. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ká ní iná yẹn lẹ́nu ni, lójú ẹsẹ̀ ni à bá ti mọ̀."

Ó gba tirẹ̀ níwájú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nà án. Mo kórìíra rẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé kò ṣe bíi tèmi.

Àwọn tó ń bú u ni wọ́n yí padà tí wọ́n ń gbá mi. Victorin ní kí wọ́n dúró ná. Ó bi Séraphin ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe. Séraphin nu ẹnu, ó ní, "Ọmọ ìyá ìyàwó mi ni. Ẹ bi ìyàwó mi."

Mo wo Sàdíátù. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ á gba tẹ̀jẹ̀. Òkúta ni mo rí lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ mú un lọ."

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ṣe ní ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kì í ṣe ti ìwé ìròyìn. Nígbà tí mo jáde, ìyá wa ti kú, wọ́n ti sin ín. Séraphin àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tchaada. Kò sí ẹni tó fi ojú sunkún sọ fún mi pé mo kú ìrọ́jú, èébú ni wọ́n fi kí mi.

Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. A máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, a sì máa ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ rí àléébù ọ̀tá yín tí ẹ dákẹ́ kó lè bà á jẹ́, tí ẹ ń pe ìdákẹ́ yẹn ní sùúrù, èmi lẹ̀ ń wò yìí. Àbùkù Séraphin kò ju ìdè kan tí kò le. Ẹ jókòó kí ẹ fi ìyẹn wé tèmi.

Ọdún kọkànlá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mọ́tò náà, nígbà tí Rẹfolúsíọ̀n ń kógbá sílé, mo gbéra lọ sí Tchaada. Ọmọbìnrin kan ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, tó jọ ìyá mi gẹ́lẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi. Sàdíátù jáde láti inú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n, mo da àyà délẹ̀.

"Sàdíátù, mo wá bẹ̀ ọ́."

Kò bínú, kò sunkún. Ó ní, "Ẹ dìde, bàbá. Ilẹ̀ ń ba aṣọ yín jẹ́."

Ọmọbìnrin náà ń wò wá, ẹ̀rù bà á. "Màmá, ta ni bàbá yìí?"

"Oníná mọ́tò kan ni, láti Ifangni. Bu omi fún un kó lè máa lọ."